Ẹjọ́ igi ni, kì í ṣe ẹjọ́ fóòmù: àyẹ̀wò àkéte àfọwọ́kàn àti látẹ́ẹ̀sì onípele mẹ́ta

Bí ẹnìkan bá ń ráhùn pé fóòmù látẹ́ẹ̀sì òun, ìyẹn fóòmù rọ́bà, ti jìn láàárín, kí ẹ tó bá a bú ẹni tó tà á, ẹ ní kó gbé fóòmù náà kúrò, kí ẹ wo igi abẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóòmù ò ṣẹ̀ rárá. Àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e ló ti tẹ̀, látẹ́ẹ̀sì sì tẹ̀ lé wọn. Kò ní wáyà nínú, kò sì ní egungun. Ibi tí ohun tó gbé e bá yà sí ni òun náà ń yà sí. Ẹni tó bá fi owó ńlá ra látẹ́ẹ̀sì tó wá gbé e lé àkéte játijàti ti ra kòtò fún ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi yẹ méjèèjì wò pọ̀: ibùsùn ẹni méjì, 150 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 200 ní gígùn. Fóòmù látẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 7.5 sẹ̀ǹtímítà, ni a tò léra nínú àpò onísíìpù kan, lórí àkéte igi tí a fi bóòtù so. Kí n ti sọ èrò mi tẹ́lẹ̀: ó dára ju ọ̀pọ̀ fóòmù àṣetà lọ, ó sì tọ́ sí wàhálà rẹ̀ fún ẹni tó lè lo ayùn àti dírílì láìṣìṣe púpọ̀. Ẹni tí rọ́bà máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí wú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù náà ní láti rò ó dáadáa.

Fóòmù náà

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe látẹ́ẹ̀sì. Ti Dunlop, tó ti wà láti 1929, ni pé wọ́n á po oje igi rọ́bà títí yóò fi hó bí ọṣẹ, wọ́n á dà á sínú àwo ńlá, wọ́n á fi ooru sè é títí yóò fi dì. Kó tó dì, èyí tó wúwo nínú oje náà á ti rọra sìlẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ìpele Dunlop sábà máa ń le díẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Ti Talalay gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kì í da oje kún àwo, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú àwo jáde kí ìfófòó lè wú kún un, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín, wọ́n á sì fẹ́ gáàsì carbon dioxide gba inú rẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Talalay máa ń rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó tún wọ́n ju Dunlop lọ.

Fún ìpele ìsàlẹ̀ àti ti àárín, mi ò rí ìdí kankan tí ènìyàn á fi san owó Talalay. Dunlop ń gbé ara dáadáa, ó sì ń pẹ́. Bí owó bá wà, kí ẹ ná an sórí ìpele òkè nìkan, níbi tí èjìká àti ìbàdí ti ń fara kàn án.

Àwọn ihò kéékèèké tó kún ara fóòmù náà, àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé atẹ́gùn ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn ń gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n irin tóóró inú àwo, tó ń gbé ooru dé àárín fóòmù kó lè jinná dọ́gba, ló fi wọ́n sílẹ̀. Fóòmù tí kò bá ní ihò wọ̀nyí rárá, tó sì nípọn, ẹ fura sí i.

Ọ̀rọ̀ "àdánidá" tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Látẹ́ẹ̀sì kan wà tí oje igi jẹ́ gbogbo rẹ̀, òmíràn wà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà sì jẹ́ àdàlù méjèèjì. Ìwé ẹ̀rí GOLS béèrè pé kí ó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ oje tí a gbìn láìlo kẹ́míkà, tí ẹ̀rí sì wà fún un. OEKO-TEX Standard 100 yàtọ̀: ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá kẹ́míkà tó lè pa ènìyàn lára wà nínú rẹ̀. Àdàlù náà lè gba OEKO-TEX, nítorí náà ẹ má fi èyí rọ́pò ìyẹn.

Òṣùwọ̀n ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba owó ẹ̀yìn. Ìpele kan tó jẹ́ 150 sí 200, tó nípọn tó 7.5 sẹ̀ǹtímítà, gba àyè 0.225 mítà onígun mẹ́ta. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kílò 80 ló wà nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ìpele kan gbọ́dọ̀ wọn kílò 18. Bí ó bá wọn 13, kílò 58 péré ni wọ́n tà fún yín, irú rẹ̀ sì máa ń tètè rọ. Kí ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó já ọ̀rá rẹ̀ tán. Ó rọrùn láti dá a padà nígbà náà.

Líle rẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà ILD sọ. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ róbótó tẹ fóòmù náà títí yóò fi fi ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ wọlẹ̀, agbára tí ó gbà ni nọ́ńbà yẹn. Nǹkan bí 14 sí 19 rọ̀, 20 sí 29 wà láàárín, 30 sókè le. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e jù. Dunlop 28 máa ń le lára ju Talalay 28 lọ, torí pé bí ara bá ṣe ń wọlé sínú Dunlop ni ó ń le sí i. Nọ́ńbà wà fún fífi ìpele ilé-iṣẹ́ kan wé òmíràn tí ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ṣe.

Ètò tó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu ni 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, 28 láàárín, 20 lókè. Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn nílò òkè tó rọ̀, kí èjìká àti ìbàdí lè wọlé kí ẹ̀yìn sì wà ní títọ́. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ nílò òkè tó le díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikùn á rì, ẹ̀yìn á sì máa ro ó láàárọ̀. Ẹni tó sanra kó fi èyí tó le sí àárín pẹ̀lú. Bí tọkọtaya kò bá bá ara wọn dọ́gba, kí ẹ ra ìpele àárín àti ti ìsàlẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, 75 sẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi líle tó yàtọ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ìpele òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, kí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé má bàa máa gún ẹni tó bá yí sáàárín.

Ẹ má lẹ àwọn ìpele náà pọ̀. Látẹ́ẹ̀sì máa ń di ara rẹ̀ mú, àpò rẹ̀ á sì fún wọn mọ́ra. Bí ẹ bá ti ta gọ́ọ̀mù sí i, ẹ ti sọ ohun tó dára jù lọ nínú ọjà yìí nù: àǹfààní láti ṣí i kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Dídi tó ń di ara rẹ̀ mú yìí náà ló ń fa wàhálà nígbà títò. Ẹni tó bá fi ọwọ́ fa etí ìpele kan kó lè wọlé dáadáa yóò fa á ya. Ojú ibẹ̀ rọra máa ń là bí àkàrà ni. Ẹ tẹ́ aṣọ ìtẹ́sùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí ìpele ìsàlẹ̀, ẹ gbé èyí tó tẹ̀ lé e lé e lórí, ẹ tò ó títí yóò fi gún, kí ẹ tó fa aṣọ náà yọ.

Àpò ni wọn kì í sábà ka sí, bẹ́ẹ̀ ó lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, tí wọ́n rán irun àgùntàn mọ́ inú rẹ̀, máa ń gba òógùn, irun àgùntàn náà kì í sì í tètè gbaná. Ṣùgbọ́n bí ó bá fún jù, ojú rẹ̀ á le bí awọ ìlù, látẹ́ẹ̀sì rírọ̀ tí ẹ san owó rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́. Gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 22.5 sẹ̀ǹtímítà ní kíkún. Bí ẹ bá ní ibùsùn kan tó le ju bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe sọ lọ, ẹ ṣí síìpù, ẹ dùbúlẹ̀ lórí látẹ́ẹ̀sì ní ìhòòhò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá rọ̀ nígbà náà, àpò ló lẹ̀bi.

Àkéte

Fóòmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn nǹkan bí kílò 54. Ẹ fi àgbà méjì kún un, ẹ ó rí i pé ẹrù kékeré kọ́ ni igi yìí fẹ́ gbé.

Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò. Igi tó máa wà nínú ilé yẹ kó ní omi tó tó 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, bóyá ìrókò ni o tàbí pine. Igi tútù máa ń sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá ti kàn án, ní ìbú àti ní nínípọn rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún ní gígùn. Nípa bẹ́ẹ̀ bóòtù tí ẹ ti dè pinpin á di yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, àkéte á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igi fífúyẹ́ bí àràbà kò wúlò níbí rárá. Sikurúù kò ní dì í mú.

Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ nìyí. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì, 201 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn. Pákó orí àti ti ẹsẹ̀, 159. Gbogbo wọn jẹ́ 4 ní nínípọn, 18 ní gíga. Pákó orí àti ti ẹsẹ̀ ló ń bo imú àwọn ti ẹ̀gbẹ́, àyè inú rẹ̀ á sì jẹ́ 151 sí 201: sẹ̀ǹtímítà kan péré ni àyè náà fi ju fóòmù lọ lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa rìn kiri. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, 9 sí 9, gíga wọn 30, ló dúró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú, orí wọn fi 7 sẹ̀ǹtímítà relẹ̀ sí etí òkè pákó. Bí ìdábùú, ìyẹn àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé fóòmù, tí wọ́n nípọn tó 2 sẹ̀ǹtímítà, bá sùn lé orí ẹsẹ̀ yẹn, fóòmù á fi 5 sẹ̀ǹtímítà wọ inú àpótí, ojú ibùsùn á sì ga tó 54.5 sílẹ̀, èyí tó bá orúnkún ọ̀pọ̀ àgbà mu láti jókòó sí. Àyè 19 sẹ̀ǹtímítà ṣẹ́kù lábẹ́ pákó ẹ̀gbẹ́. Ìgbálẹ̀ á wọlé.

Ibi tí àwọn tó ń kàn án fúnra wọn ti máa ń ṣe àṣìṣe jù ni igun. Wọ́n á gbá sikurúù gígùn láti ara pákó kan wọ inú imú pákó kejì. Imú pákó kì í di sikurúù mú, torí okùn igi náà lọ síbi kan náà tí sikurúù ń lọ, ṣe ni eyín rẹ̀ ń gé wọn kúrú-kúrú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹnìkan bá ti jókòó sí etí ibùsùn, ó ti ń yọ nìyẹn. Ẹ fi bóòtù 10 mílímítà, gígùn rẹ̀ 15 sẹ̀ǹtímítà, gba inú pákó kọjá sínú ẹsẹ̀, pẹ̀lú wáṣà níhà méjèèjì. Igun kọ̀ọ̀kan gba mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Bóòtù ti ẹ̀gbẹ́ àti ti orí á máa kọjá ara wọn nínú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ má lu ihò wọn sí gíga kan náà. Láti orí ẹsẹ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ lu ti ẹ̀gbẹ́ sí 2 àti 7 sẹ̀ǹtímítà, ti orí sí 4.5 àti 9. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ni bóòtù kejì máa ń bá irin pàdé láàárín igi.

Kí ẹ tó de wọn pinpin, ẹ wọn àkéte láti igun ọ̀tún níbi orí dé igun òsì níbi ẹsẹ̀, kí ẹ sì wọn igun méjì tó kù bákan náà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó ti wọ́. Ẹ tì í láti igun tó gùn jù títí wọn yóò fi dọ́gba.

Igi ìtẹ́lé, 4 sí 4, gígùn rẹ̀ 183, ni ẹ ó lẹ̀ mọ́ inú pákó ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀ méjì, kí orí rẹ̀ bá orí ẹsẹ̀ dọ́gba. Gọ́ọ̀mù igi àti sikurúù 5 sí 70 mílímítà, ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi dírílì lu ihò tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á là.

Igi àárín ni kókó gbogbo rẹ̀. Láìsí i, ìdábùú kan á máa na 150 sẹ̀ǹtímítà láìsí ohun tó gbé àárín rẹ̀. Bí ẹ bá fi igi kan gba àárín, ọ̀nà tó ń nà di 75, ìtẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà a sì dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdá mẹ́jọ o, kì í ṣe ìdajì. Ẹ lo igi 4 sí 9, kí ó dúró lórí etí rẹ̀ tóóró, gígùn 201, kí imú rẹ̀ méjèèjì sùn lé igi kékeré tí ẹ kàn mọ́ pákó orí àti ti ẹsẹ̀, kí orí rẹ̀ sì bá ti igi ìtẹ́lé dọ́gba. Ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 67 sẹ̀ǹtímítà láti imú, gíga wọn 21. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, ẹsẹ̀ àárín lè máa rà bàbà lófuurufú láìkan ilẹ̀, kò sì ní gbé nǹkan kan. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ wò ó: bí ó bá gba abẹ́ ẹsẹ̀ náà kọjá, ẹ ki igi pẹlẹbẹ sí i.

Ìdábùú jẹ́ 15, 9 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 2 ní nínípọn, 150.5 ní gígùn. Àlàfo àárín wọn á jẹ́ 4.7 sẹ̀ǹtímítà. Látẹ́ẹ̀sì lè fara da àlàfo tó tó 7.5, ṣùgbọ́n mi ò ní dámọ̀ràn rẹ̀; bó bá ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, fóòmù á máa wú wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn sọ pé kí a kúkú fi pláíwúùdù bo gbogbo rẹ̀ kó tan. Òógùn tí ara ń là lóru ń sọ̀kalẹ̀ gba inú ihò fóòmù, bí kò bá rí ibi jáde, ohun tí ẹ ó bá lábẹ́ fóòmù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ibu dúdú. Ẹ fi sáńpépà 120 ha etí ìdábùú kọ̀ọ̀kan kó róbótó, kó má bàa jẹ àpò. Sikurúù 4 sí 40 mílímítà kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan tó. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì sínú igi.

Fún ariwo, ẹ fi àbẹ́là ra gbogbo ibi tí igi ti kan igi tí kò sí gọ́ọ̀mù, kí ẹ tẹ́ aṣọ nínípọn tẹ́ẹ́rẹ́ sórí igi àárín. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún fi sípánà de bóòtù gbogbo. Àkéte tó bá ṣì ń ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ lè fi òróró linseed pa ìta àkéte, ó máa ń fa ara igi jáde dáadáa, ṣùgbọ́n òróró ń ba látẹ́ẹ̀sì jẹ́. Ẹ má pa á sí ìdábùú àti inú àpótí, kí ẹ sì jẹ́ kí ìta gbẹ pátápátá kí fóòmù tó gorí rẹ̀. Àkísà tí ẹ fi pa á lè gbaná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ sójú kan. Ẹ nà án sílẹ̀ ní gbangba títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Látẹ́ẹ̀sì tuntun máa ń rùn bí rọ́bà. Ọjọ́ mélòó kan nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, ó ti ń lọ. Ẹ má sá a sínú oòrùn láé. Ìtànṣán oòrùn ń sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà á gan, á sì máa rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ má fọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Bí nǹkan bá dà sí i, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìbòòji.

Ẹ má dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, torí ara tó ti mọ́ fóòmù tó jìn máa ń rí èyí tó gún bí ìyà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí èjìká bá ń ro yín, ẹ má gbé ìpele àárín lọ sísàlẹ̀ kí ẹ wá gbé ti ìsàlẹ̀ sáàárín. Kò ní rọ̀ sí i, yóò le sí i ni. Ohun tí ẹ nílò ni òkè tó rọ̀ ju 20 lọ. Bí ó bá jẹ́ ìbàdí ló ń rì, ìgbà náà ni pípààrọ̀ àárín àti ìsàlẹ̀ máa ń wúlò. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ dá 36 padà sísàlẹ̀, ẹ gbé 28 sókè kí 20 wá sáàárín.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa yí ìpele òkè, kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀, ó kéré tán ní ọdún àkọ́kọ́. Ìpele náà ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀, òun náà ni ẹ ó sì pààrọ̀ nìkan: ẹ ṣí síìpù, ẹ gbé kílò 18 jáde, ẹ gbé 18 mìíràn sí i, méjì tó kù kò mira.